Ẹni Tó Lóṣòó Gba Ìyàwó

Kàmál tẹ́ àpò ìrẹsì tó ti gbó sórí tábìlì, ó dojú maṣíìnì ìránṣọ náà délẹ̀ lé e lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdí rẹ̀. Inú ọmọrí agolo mílíìkì ló ń to àwọn nọ́ọ̀tì kéékèèké sí bí wọ́n ṣe ń jáde tẹ̀lé ara wọn, kó lè mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ padà wọlé. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìyẹn. Láti kékeré ló ti rí i pé ohun tí èèyàn bá tú, ó yẹ kó rántí ọ̀nà tó gbà tú u.

Ìsọ̀ ọ̀gá Mùyídéènì ló ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo. Ẹni tó ni maṣíìnì náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú rẹ̀. Ọmọbìnrin télọ̀ kan ni, híjáàbù aláwọ̀ ewé ló fi borí, láti Iléṣà ló sì ti gbé ẹrù rẹ̀ wá.

"Ẹni mẹ́ta ló ti tú u ṣáájú yín," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ẹni kìíní ní ó ti gbó. Ẹni kejì ta páàtì tuntun fún mi. Ẹni kẹta ní kí n lọ gbàdúrà sí i."

"Ṣé ẹ gbàdúrà náà?"

"Mo gbà á dáadáa. Ó ṣì ń fo ojú ìránṣọ."

Kàmál rẹ́rìn-ín. Ó wo ìdí maṣíìnì títí, kò rí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Ló bá tún gbé e dìde, ó sì fi èékánná ra ara abẹ́rẹ́.

"Ta ló fi abẹ́rẹ́ yìí bọ ibẹ̀?"

"Èmi ni. Kí ló ṣe é?"

"Ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe iwájú ni." Ó yọ abẹ́rẹ́ náà, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ hàn án. "Ẹ wò ó. Bí abẹ́rẹ́ bá wọlẹ̀ tán tó ń padà bọ̀ sókè, òwú ara rẹ̀ máa ń ya díẹ̀, á ṣe ojú kékeré kan. Ojú yẹn ni ìkọ́ ìsàlẹ̀ ń dúró dè. Bí abẹ́rẹ́ bá kọ ẹ̀yìn, ojú òwú á là sí òdìkejì, ìkọ́ á sì kọjá láì rí i. Àwọn méjèèjì á máa wá ara wọn kiri, wọn ò ní pàdé."

Ọmọbìnrin náà wò ó bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ayọ̀. "Ẹ sọ ọ́ bí ẹni pé èèyàn ni wọ́n. Èló ni iṣẹ́ yín?"

"Ta ló ń gba owó abẹ́rẹ́ yíyí?"

"Ẹ̀yin yìí, ẹ kàwé ẹ̀rọ ni?"

"Mo kà á ní yunifásítì."

"Ẹ ti ṣetán?"

Ibi tó yẹ kó ti sọ òótọ́ gan-an nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ ti là sí i. Ṣùgbọ́n ojú tí ọmọbìnrin náà fi ń wò ó dùn mọ́ ọn, ojú tí ẹnikẹ́ni kò fi wò ó láti bí ọdún méjì. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ni, kò sì ju èémí kan lọ. Ọ̀gá Mùyídéènì tó ń rọ epo sí ẹ̀rọ mìíràn ní kọ̀rọ̀ gbé ojú sókè, ó wò ó, ó sì tún sọ ojú kalẹ̀.

Sẹ̀gilọlá lorúkọ ọmọbìnrin náà. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún gbé maṣíìnì mìíràn wá. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó wá láì gbé maṣíìnì, ó ní òun ń kọjá lọ ni. Ọ̀gá Mùyídéènì bi í pé ibo ló wà ní Òṣogbo tí èèyàn ń bọ̀ láti Iléṣà tí yóò gba ẹ̀yìn ọjà Ìgbọ̀nà kọjá, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Kàmál á wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà. Sẹ̀gilọlá á ti se nǹkan dè é, wọ́n á jókòó síwájú ìsọ̀ ìránṣọ rẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀.

"Ẹnjiníà mi," ló máa ń pè é.

Kàmál á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìgbàkigbà tí wọ́n bá pe orúkọ yẹn, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ń pe ẹlòmíràn tó dúró sẹ́yìn rẹ̀.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyí. Ọdún mẹ́ta péré ló lò ní yunifásítì. Ìgbà tó wọ ọdún kẹta ni owó ilé-ìwé fò sókè, ó di ìlọ́po mẹ́ta ohun tó ń san tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀, opó tó ń ta ọṣẹ àti kànìnkànìn, ta gbogbo ohun tó lè tà, kò ju ìdajì lọ. Ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́rin, ẹni tí kò bá sì san pé kò ní wọlé. Ni Kàmál bá yá ìyókù lọ́wọ́ àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí owó fi wọlé. Wọ́n ní kó tẹ ibì kan pé òun gbà kí wọ́n rí gbogbo orúkọ tó wà nínú fóònù òun, ó sì tẹ̀ ẹ́ láì kà á, òun tí kì í tú nọ́ọ̀tì kan láì wo ibi tó ti jáde.

Ó yege nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n èlé gun orí owó, èlé mìíràn tún gun orí èlé. Ọdún kẹrin dé pẹ̀lú owó tirẹ̀, kò lè padà. Nígbà tí ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí í yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láì gba èlé, ó ti kúrò nílé-ìwé, etí rẹ̀ kò sì fẹ́ gbọ́ kí wọ́n dárúkọ ẹ̀yáwó mọ́. Ó ti sọ fún àwọn orí fóònù pé òun kò parí ilé-ìwé, kí wọ́n ní sùúrù, ó sì ń san díẹ̀díẹ̀ fún wọn, àmọ́ bí ẹni ń pọnmi sínú agbọ̀n ni.

Ó ní lọ́kàn láti sọ fún Sẹ̀gilọlá. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà á tún ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tó yá, Sẹ̀gilọlá mú un lọ rí bàbá rẹ̀. Aláṣọ ni Àlájì Adéyọrí, ní ọjà Àtákúnmọ̀sà. Bàbá tó bí i, ọ̀kan lára àwọn òṣómàáló àtijọ́ ni, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé tí onígbèsè kò san, wọn kì í jà, wọn kì í pariwo. Wọ́n á kàn lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á ní, "Òṣó ni mo máa ló kí n tó gbowó mi." Wọn kò ní jókòó, wọn kò ní gba oúnjẹ, títí owó yóò fi jáde.

Àlájì fẹ́ràn Kàmál. Wọ́n gba nọ́ńbà fóònù ara wọn, Àlájì sì ń fi í han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo àna mi, ẹnjiníà tó kàwé jáde, tó tún ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́!" Wọ́n dá ọjọ́ tí ìyá Kàmál yóò wá tọrọ ìyàwó.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ náà pé tí fóònù dún. Kì í ṣe fóònù Kàmál, ti gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù Kàmál ni. Àwòrán rẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n kọ òyìnbó sí i lábẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin yìí. Owó ilé-ìwé ló yá, kò parí ilé-ìwé, kò sì san owó. Olè ni.

Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ pè é tẹkúntẹkún. Ìmáámù àdúgbò pè é. Oníbàárà kan wá kó maṣíìnì rẹ̀ kúrò ní ìsọ̀ láì tíì ṣe é. Kàmál ń retí ìpè kan ṣoṣo, òun náà ló sì ń bẹ̀rù jù. Ìpè náà wọlé ní ìrọ̀lẹ́.

"Kàmál." Kò pè é ní ẹnjiníà. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Gbèsè náà, òótọ́ ni. Olè tí wọ́n pè mí, mi ò—"

"Mi ò bi ọ́ ní ti olè. Ilé-ìwé ńkọ́?"

Kàmál tẹjú mọ́ ọmọrí agolo nọ́ọ̀tì iwájú rẹ̀.

"Kàmál, ohun yòówù kí o jẹ, ǹ bá fẹ́ ọ. Maṣíìnì lo bá mi tún ṣe, o ò fi ìwé-ẹ̀rí hàn mí. Ṣùgbọ́n o jẹ́ kí bàbá mi fi irọ́ rẹ ṣe fáàrí káàkiri ọjà. Láti àárọ̀ ni àwọn èèyàn ti ń wá fi àwòrán rẹ hàn wọ́n nínú fóònù. Bàbá mi ò jẹun. Má wá ní ọjọ́ Àìkú."

Ojú ti Kàmál, ìtìjú náà kì í ṣe kékeré. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí ọjọ́ ìtọrọ ìyàwó fi kọjá, ẹ̀yìn ìsọ̀ ló ń gbà wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá mú fóònù dání ní òpópónà, á rò pé àwòrán òun ló ń wò. Maṣíìnì tó ń tú, ó ń gbàgbé ètò nọ́ọ̀tì inú ọmọrí agolo, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí i rí.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá Mùyídéènì gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé o rántí ọjọ́ tí ọmọ yẹn kọ́kọ́ wá? Mo gbọ́ ọ nígbà tí o ní o ti ṣetán."

"Ẹ gbọ́, ọ̀gá, ẹ ò sì sọ nǹkan kan?"

"Ẹnu ẹni la fi ń tú ohun tí a fi ẹnu dè. Kàmál, maṣíìnì tó bá kọ iṣẹ́, níbo la ti ń tú u?"

"Níbi tó ti kọ́kọ́ kọ̀."

"Kí lo wá ń tú kiri níbí? Iléṣà ni tìrẹ wà."

Lọ́jọ́ kejì, Kàmál wọ mọ́tò. Ó la àárín ọjà Àtákúnmọ̀sà kọjá. Àlájì wà níwájú ìsọ̀, ó ń ká aṣọ.

"Àlájì, ẹ kú ọjà, sà."

Bàbá náà kò wo ibi tó wà. "Ta nìyẹn?"

"Kàmál ni, sà."

"Kàmál wo? Ẹnjiníà ni àbí onígbèsè?"

"Onígbèsè ni, sà."

Gbogbo èèyàn ń retí kó dọ̀bálẹ̀. Kò dọ̀bálẹ̀. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

Ìyá Tiwalọlá tó ń ta òwú àti sípù ní òdìkejì ló kọ́kọ́ figbe ta. "Ẹ wá wo nǹkan! Ọmọ Òṣogbo wá ń ṣe òṣómàáló fún ọmọ òṣómàáló!"

Àlájì fi aṣọ sílẹ̀. "Kí ni mo jẹ ọ́?"

"Etí, sà. Ẹ jẹ mí ní etí yín. Òṣó ni mo máa ló títí n ó fi gbà á."

"Dìde níbẹ̀. Ṣé o fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Èmi ni yẹ̀yẹ́ ọ̀hún, sà."

Àlájì kọ ẹ̀yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn oníbàárà lóhùn. Wákàtí kan kọjá. Ẹni tó ń ra aṣọ ń yà fún un, àwọn kan ń fi í rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń bi í pé èló ni Àlájì jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àìlá, Àlájì jáde lọ sí mọ́sálásí, Kàmál sì tẹ̀ lé e, ó tò sí ẹ̀yìn.

"Ẹ bá mi ṣọ́ ààyè mi," ó sọ fún ìyá Tiwalọlá.

"Máa lọ, ọmọ mi. Gbèsè Ọlọ́run ni kí o kọ́kọ́ san." Ó gbé róòlù òwú kan sí ojú ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dúró sí i.

Nígbà tí wọ́n dé, Kàmál tún lóṣòó. Sẹ̀gilọlá ti dé láti ìsọ̀ ìránṣọ rẹ̀, ẹni kan ti lọ sọ fún un. Ó gbé omi ọ̀rá kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Kàmál, ó sì wọlé lọ. Kàmál wo omi náà, omijé wá sójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án. Òṣómàáló kì í gba nǹkan.

Ohun tó ṣẹ́gun Àlájì nìyẹn. Ó ti ń wo omi náà láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé wọn kì í mu omi?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, sà, lọ́jọ́ tí ẹ sọ ìtàn bàbá yín fún mi."

Àlájì fa àpótí kan, ó jókòó. "Sọ̀rọ̀."

Kàmál sọ gbogbo rẹ̀ lójú ọjà: owó tó fò sókè, ìdánwò, ibi tó tẹ̀ láì kà, ọdún kẹrin tí kò wọ̀. Ó sọ ti "bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo tó sọ ní Ìgbọ̀nà. "Ojú ń tì mí, sà. Ó ti ń tì mí kí n tó mọ̀ yín. Irọ́ ni mo fi bò ó, ó sì wá di méjì."

Nígbà tí Àlájì yóò fi sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Bàbá mi lóṣòó kiri gbogbo ilẹ̀ yìí. Ẹni tó jẹ ẹ́ lówó nìkan ló ń dojú kọ. Kò lọ bá àna onígbèsè, kò lọ bá ìmáámù rẹ̀. Àwọn tó fi àwòrán rẹ ránṣẹ́ sí mi, ó yẹ kí ojú ti àwọn náà. Kàmál, èmi kì í bá onígbèsè jà. Onígbèsè ló kọ́ ilé tí wọ́n bí mi sí. Ẹni tó bá dá ọjọ́ irọ́ fún mi ni mi ò ń tajà fún mọ́."

Ó wọ inú ìsọ̀, ó gbé àpótí pákó kan jáde. Maṣíìnì àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Ìpẹtà ti bò ó.

"Ti bàbá mi ni. Ó ti tó ogún ọdún tí kò ti rán nǹkan kan. Gbé e lọ. Bó bá rán, kí o padà wá. Bí kò bá rán, má wá pa ìtàn fún mi."

Ẹsẹ̀ Kàmál ti kú tipiri. Ìyá Tiwalọlá ló fà á dìde.

Ní Òṣogbo, ọjọ́ mẹ́ta ló fi rẹ gbogbo rẹ̀ sínú kẹrosíìnì kó tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan. Ìpẹtà kì í fẹ́ ìkánjú. Nígbà tó wá tú u, ó rí i pé ìdí rẹ̀ kò bàjẹ́. Ohun tó ń gbé òwú ìsàlẹ̀ kiri, tó rí bí ọkọ̀ ojú omi kékeré, ló ní àbùkù. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń di òwú mú lára rẹ̀ ti jẹrà, kò sì sí èyí tí wọ́n ń tà mọ́ níbikíbi. Bó ṣe ń gbìyànjú láti yọ ọ́, ìdérí ọkọ̀ náà sán.

Ó jókòó tì í. Ó lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Ó mú fóònù.

"Àlájì, mo ti dá ohun kan nínú rẹ̀, sà. Ìdérí ọkọ̀ òwú ti sán."

"O pè mí tìtorí ìyẹn?"

"Kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni, sà."

"Máa ṣe é lọ," ni Àlájì wí, ó sì pa fóònù.

Kàmál wá ayùn irin kan tó ti kán, nítorí irin ayùn máa ń tẹ̀, ó sì máa ń padà sípò. Ó fi fáìlì irin fá a títí ó fi tín-ín-rín bí ewé, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó tún fá a. Ìgbà mẹ́fà ni kò bá a mu. Ìkeje wọlé, ó dún kín. Ó gé ìdérí tuntun láti ara idẹ ìdè bẹ́líìtì bàbá rẹ̀ tó ti kú. Ọjọ́ kọkànlá ló gbé maṣíìnì padà sí Iléṣà, gbogbo ara rẹ̀ ń dán.

Àlájì mú àgékù aṣọ kan, ó sì yí apá maṣíìnì náà fúnra rẹ̀. Ó lọ tá-tá-tá-tá, ohùn kan náà tó máa ń jí i nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó fi èékánná ra ojú ìránṣọ náà láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí èyí tó fò. Ó fà á tagbáratagbára, kò já. Ó bọ́ fìlà, ó fi nu ojú.

Lẹ́yìn náà ló dìde, ó fa róòlù léèsì funfun kan láti òkè pátápátá, ó sì wọn yáàdì mẹ́fà sílẹ̀.

"Àlájì," ni Kàmál wí, "n kò ní owó èyí lọ́wọ́, sà. Mo ṣì ń san ti àwọn yẹn lóṣooṣù. Mo sì ti kọ̀wé sí ilé-ìwé pé mo fẹ́ padà, bí mo bá rí ẹ̀yáwó ìjọba gbà."

"Ta ló bi ọ́ ní owó?" Àlájì fi sísọ́ọ̀sì la aṣọ náà gbuurugbu. "Àwìn ni. Oṣù mẹ́ta ni mo fún ọ. Bó bá pé tí n kò rí ọ, mo mọ ìsọ̀ Mùyídéènì. Òṣó ni mo máa ló."

Kàmál dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Sẹ̀gilọlá, tó ti dé láti ìsọ̀ rẹ̀, fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ju ọdún mẹ́sàn-án lọ tí bàbá rẹ̀ ti tajà láwìn fún ẹnikẹ́ni gbẹ̀yìn. Bàbá náà máa ń ní ayé ti bàjẹ́, kò sí ẹni tí èèyàn lè fọkàn tán mọ́.

Sẹ̀gilọlá gba léèsì náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó jókòó sídìí maṣíìnì bàbá-bàbá rẹ̀. Ó fi èékánná yẹ ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó wo Kàmál, Kàmál sì mi orí pé ó tọ́.

"Ó yá, òṣómàáló mi," ni Sẹ̀gilọlá wí, "wá bá mi yí i."

Kàmál yí apá maṣíìnì, Sẹ̀gilọlá di aṣọ mú. Ojú ìránṣọ àkọ́kọ́ lára aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ jáde, ó tẹ́, ó gún, òwú òkè àti òwú ìsàlẹ̀ sì mú ara wọn dání.